Ẹ̀yìn Ẹ̀wù Alága

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: kì í ṣe ọ̀tá ló gbé Alága ṣubú. Kì í ṣe ìbò, kì í ṣe ọ̀tẹ̀, kì í ṣe ìwé ẹ̀hónú. Òwú ni. Òwú kan ṣoṣo, tí kò nípọn ju irun orí lọ. Ẹni tó mú abẹ́rẹ́ tí òwú náà wà lójú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a tẹ̀lé, nítorí òun ló sọ̀rọ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, ẹni tó bá sì pa ẹnu mọ́ ni ojú rẹ̀ máa ń ráyè ṣiṣẹ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ rèé tó ti ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ-ìkélé, níbi àfihàn aṣọ tí ìlú wọn ń ṣe lọ́dọọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Bí módẹ́ẹ̀lì bá sáré wọlé láti orí pèpéle, ìṣẹ́jú kan ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ní láti bọ́ aṣọ kan kúrò lára rẹ̀ kí ó sì fi òmíràn wọ̀ ọ́. Bí síìpù bá takú, yóò rán ọmọ náà mọ́ inú aṣọ ni: abẹ́rẹ́ gígùn, òwú ẹyọ kan, ojú ìrán gbọọrọ-gbọọrọ, kókó kan lókè ní ọrùn. Bí ọmọ náà bá padà wọlé, yóò gé kókó, yóò fa òwú, aṣọ yóò sì là bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Òfin mẹ́ta ló wà fún ẹni tí a bá rán mọ́ aṣọ: kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mí kanlẹ̀. Òfin kan ló wà fún ẹni tó rán an: àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fi òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sápò. A ó padà wá bá wọn.

Ọdún yẹn ni wọ́n yan Alága tuntun. Oyè rẹ̀ ní kíkún ni Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ẹ̀wà, Ìmúra, Ìrìn Jẹ́jẹ́ àti Ohunkóhun Tó Bá Tún Jọ Mọ́ Ọn. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn kò gbà á tán, ó ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn kejì wá. Ó ní Akọ̀wé kan tó máa ń tẹ̀ lé e kiri, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tún ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ bá fi parí gbólóhùn sọ lọ. Bí Alága bá ní, "Mo ti dé," Akọ̀wé á ní, "Ti dé!" Bí Alága bá sín, Akọ̀wé náà á wá imú tirẹ̀ kí ó lè sín.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Alága wá bẹ ẹ̀yìn aṣọ-ìkélé wò, kóòtù tuntun ló wọ̀. Lébẹ́ẹ̀lì ilé-ìtajà ṣì wà ní etí apá rẹ̀, ó gbòòrò tó etí ewúrẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ rí i. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gé òwú tó bá yọ lára aṣọ ènìyàn kì í ronú sí i mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣe é kí orí rẹ̀ tó gbọ́. Ṣẹ́ẹ́! Lébẹ́ẹ̀lì já bọ́.

"Wọ́n gbàgbé èyí sára yín, sà," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì nà án sí i.

Alága wo apá rẹ̀. Ó wo lébẹ́ẹ̀lì. Ó wo òrùlé, bí ẹni pé òkè níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rìí jókòó sí.

"Màmá, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ gé?"

"Lébẹ́ẹ̀lì ni, sà."

"Iyì ni! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń fi apá yìí juwọ́ sí ènìyàn kí wọ́n lè mọ ibi tí kóòtù mi ti wá. Ta ni yóò gbà mí gbọ́ nísinsìnyí? Ẹ wò mí! Mo ti di ẹni lásán!"

"Ẹni lásán!" ni Akọ̀wé fi tagbára-tagbára wí, kí ó tó rí ojú tí ọ̀gá rẹ̀ fi wò ó.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àṣẹ ti jáde. Gbogbo àlùmọ́gàjí, ọ̀bẹ àti abẹ tó wà lẹ́yìn aṣọ-ìkélé, kí wọ́n kó wọn wá sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì Alága. Ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó sì fi kọ́ ọrùn lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ní ẹ̀gbẹ́ ọkàn mi," ni ó wí, "níbi tí ìlú yìí ń gbé."

Tíṣà wà níbẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń di ìwé mú tó sì ń pe ẹni tí yóò kàn lórí pèpéle. Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Alága, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ká máa fi gé òwú?"

"Eyín! Ọlọ́run fún olúkúlùkù ní eyín lọ́fẹ̀ẹ́."

"Tèmi wà nínú ife nílé, sà," ni Tíṣà wí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Alága ya àwòrán kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi tí wọ́n ń to bàtà sí. Orí àwòrán náà ni ÌTẸRÍBA MẸ́TA. Ìtẹríba Kìíní, ọrùn nìkan, fún ẹni tó bá pàdé Alága lọ́nà ilé ìyàgbẹ́ tí ara kò sì gba ìdúró. Ìtẹríba Kejì, láti ìbàdí, fún àwọn tí oyè wọn bá dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀. Ìtẹríba Kẹta, orúnkún méjèèjì sílẹ̀, iwájú orí sún mọ́lẹ̀, fún ẹ̀yin tó kù. Ó fi í sínú ìwé ètò àfihàn náà, ó pè é ní Ìlànà Kẹrìnlá, ó sì fi gbólóhùn kan dè é mọ́lẹ̀: *Ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ńlá tàbí kékeré, tí kò bá ṣe Ìtẹríba Kẹta fún ẹni tó jù ú lọ, kí ó kúrò ní ipò rẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.*

Ẹ̀yin náà ẹ ti rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Módẹ́ẹ̀lì tí a bá rán mọ́ aṣọ kò lè bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ohùn Akọ̀wé bá ti ń bọ̀ lọ́nà, gbogbo wọn á sá wọ àárín aṣọ tó wà lórí irin ìfaṣọkọ́, wọn á dúró gbọnrangandan bí ìgbálẹ̀. Alága á wọlé, á wo yàrá òfìfo, á sì ní, "Ẹ̀rù mi bà wọ́n. Ó dára."

"Ó dára!"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú Ìyá Abẹ́rẹ́ fara da gbogbo èyí, nítorí obìnrin yẹn kì í ṣe ojo. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ. Orí tábìlì kan ṣoṣo tó wà nílé ni ọmọ náà ń ránṣọ sí, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń jẹun. Àárọ̀, wọn á kó abọ́ kúrò kí aṣọ lè rí ààyè. Alẹ́, wọn á kó aṣọ kúrò kí abọ́ lè rí ààyè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rí píìnì nínú ọbẹ̀. Lọ́dún yẹn ni Mínísítà kéde pé òun fúnra òun yóò wá síbi àfihàn náà. Ọ̀dọ́ aránṣọ mẹ́fà ni yóò fi aṣọ kọ̀ọ̀kan hàn, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́ta: fèrèsé ńláńlá méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé ọbẹ̀ lé. Wọ́n ṣẹ́ gègé, ọmọ Ìyá Abẹ́rẹ́ ló sì bọ́ sí ìkẹyìn. Ìkẹyìn kì í ṣe ibi burúkú. Ohun tí ojú rí kẹ́yìn ni ọkàn máa ń gbé lọ ilé.

Aṣọ náà búlúù bí ojú ọ̀run nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá ń di alẹ́. Láti èjìká dé ìbàdí, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Inú ìrù rẹ̀, apá tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn, ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ó gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ọmọ náà sì ti fi oṣù méje fọwọ́ rán àwọn ẹyẹ kéékèèké sí i, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹyẹ, tí wọ́n ń fò láti ilẹ̀ bọ̀ wá sí ìbàdí ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá yọ ìrù yẹn kúrò, aṣọ tí ènìyàn lè wọ̀ lọ ra búrẹ́dì ló kù.

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ àfihàn ni ẹ̀wù Alága dé.

Ó ti pinnu pé òun náà yóò rìn lórí pèpéle, ṣáájú aṣọ ìkẹyìn, nínú ẹ̀wù àrán pupa tó balẹ̀ dé kókósẹ̀. Bọ́tìnnì góòlù méjìlá ló wà níwájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń ṣí nínú wọn, nítorí Alága ní iwájú ènìyàn pàtàkì kò gbọdọ̀ là. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Aránṣọ rẹ̀ sì ti bẹ̀bẹ̀ pé kí òun wá wọn ìbàdí rẹ̀. Alága ní kò sí téèpù tí yóò yí òun ká bí ẹran tí wọ́n fẹ́ tà. Ó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ìwọ̀n ọdún tó gbéyàwó ni. Àkọ́bí rẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n.

Ìyá Abẹ́rẹ́ fa ẹ̀yìn ẹ̀wù náà láti ọ̀tún. Tíṣà fà á láti òsì. Àlàfo tó kù láàárín tó ìbú ọwọ́ méjì.

"Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?" ni Alága béèrè.

"Kò pàdé, sà," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

"Mi ò sanra o!"

"Ẹ̀wù náà ló rù, sà," ni Akọ̀wé wí.

"Ó rù! Ẹ gbọ́! Ẹ wá nǹkan fi bọ́ ọ." Alága yí ojú ká yàrá náà, ojú rẹ̀ sì bà lé irin ìfaṣọkọ́ tó wà ní ìkẹyìn pátápátá. "Kí nìyẹn?"

"Aṣọ ọmọ mi ni, sà."

"Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fà nílẹ̀ yẹn?"

"Ìrù rẹ̀ ni, sà," ni ọmọ náà wí. Ó ti dìde. Ó fi ara rẹ̀ sí àárín Alága àti aṣọ.

"Kí ni aṣọ fẹ́ fi ìrù ṣe? Ṣé alángbá ni? Ẹ gé e, kí ẹ fi bọ́ ẹ̀yìn mi."

"Alága, ẹ jọ̀wọ́, ìrù yẹn ni aṣọ náà. Oṣù méje ni mo..."

"Ọmọ yìí, ẹ̀yìn mi kò ní oṣù méje. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló ní. Bí ìrù kò bá kúrò lára aṣọ, aṣọ yóò kúrò nínú ètò. Ẹ yan ọ̀kan."

"Ọ̀kan!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, módẹ́ẹ̀lì tí yóò wọ aṣọ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Tíṣà sì rọra fún un ní ìnujú kí omi ojú má bàa ba àtíkè jẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ọmọ rẹ̀, ó wo aṣọ, ó wo ẹ̀yìn Alága. Lẹ́yìn náà ló fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn irin ìfaṣọkọ́.

"Màmá, ẹ fẹ́ fún un?"

"Mi ò fún un. Mo fẹ́ yá a ni."

"Ó ní kí ẹ gé e!"

"Kí ni màá fi gé e? Ṣé òun kọ́ ló kó àlùmọ́gàjí wa lọ ni?" Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ tú ojú ìrán tó so ìrù náà mọ́ ìbàdí, ó ń fi eyín já òwú díẹ̀díẹ̀. "Màá ṣẹ́ ẹ po lódindi. Kò sí ẹyẹ kan tí yóò kú nínú rẹ̀. Nǹkan tí a bá fi òwú kan ṣoṣo so, ọmọ mi, yíyá ló wà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán Alága mọ́ ẹ̀wù. Ìrù búlúù tí a ká bí ìwé wà láàárín àrán pupa, ojú ìrán gbọọrọ-gbọọrọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kókó kan ṣoṣo ní ọrùn. Ẹnìkan lè ní Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ rán an jẹ́jẹ́ ni. Bí ó ti ń rán gbogbo ènìyàn láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ló ṣe rán an. Ó tiẹ̀ kìlọ̀ fún un.

"Ẹ gbọ́, sà. Òfin mẹ́ta ló wà fún ẹni tí a bá rán mọ́ aṣọ."

"Òfin? Fún èmi?"

"Ẹ kò gbọdọ̀ jókòó, ẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ mí kanlẹ̀."

"Màmá, èmi ni mo ń ṣe òfin. Mi ò kì í pàdé wọn lọ́nà."

"Ó dáa, sà. Bí ẹ bá padà dé, màá nílò àlùmọ́gàjí láti fi gé kókó. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn mi."

"Ọrùn yín wà nínú ẹ̀wù, sà."

Alága la ẹnu. Ó pa á dé. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èrò kan wọ orí rẹ̀ láìkọ́kọ́ tẹríba.

"Ìwọ̀lé ni tèmi," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìjáde ni tiyín."

Aago mẹ́rin lù. Gbọ̀ngàn kún. Mínísítà dé, obìnrin àgbàlagbà kúkurú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì fi awò ojú kọ́ ọrùn. Ó jókòó sí àga kan tí wọ́n gbé fún un ní orí pèpéle, lápá kan, ó sì ṣí ìwé ètò. Ìlànà ló kún inú rẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé ọgbọ̀n. Orúkọ àwọn aránṣọ wà ní ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Alága kẹsàn-án.

Aṣọ márùn-ún jáde, wọ́n wọlé. Wọ́n dára, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó mí, ó sì pè é: "Alága."

Aṣọ-ìkélé là, ẹ̀wù pupa gba àárín rẹ̀ jáde, aṣọ-ìkélé sì padà pàdé. Àtẹ́wọ́ sọ. Alága rìn bí ẹni tó ń gbé omi lórí. Ó dúró níwájú Mínísítà, ó kọ ẹ̀yìn sí aṣọ-ìkélé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Kí èmi tó gba ipò yìí, ìhòòhò ni ìlú yìí wà! Ta ló wọ̀ yín láṣọ?"

"Láṣọ!" ni Akọ̀wé ké láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mínísítà tó rí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó bí mi. Jù lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi, tí n kò já ara mi kulẹ̀ rí!"

Lẹ́yìn aṣọ-ìkélé, Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ojú kan sí àlàfo tó wà láàárín. Tíṣà fi ojú kan sí i lókè rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń wo iwájú Alága. Àwọn méjì yìí nìkan ló rí ẹ̀yìn.

"Ó ti mí kanlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta," ni Tíṣà sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ṣì mú un. Bí kò bá ṣáà ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ fún?"

Mínísítà ló dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ti gùn, ó sì ti ń ka ìwé ètò láti fi lé oorun lọ. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Alága, ẹ dúró ná. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ Ìlànà Kẹrìnlá yìí?"

"Èmi ni, mà! Fúnra mi!"

"'Ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ńlá tàbí kékeré.' Ṣé ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀?"

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Alága náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ènìyàn máa ń rín nígbà tí ajá bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mà?"

"Ó ní orúnkún méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ipò lọ kí oòrùn tó wọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti jáde, orí yín ò tíì mì sí mi. Mo kàn béèrè ni."

Alága mi orí. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ó tún mì í bí alángbá tó wà lórí ògiri. Mínísítà fi ìka rẹ̀ sí ojú ewé náà, ó sì ń dúró dè é. Ohun méjì ló wà níwájú ọkùnrin náà: kí ó dúró gbọnrangandan kí ipò lọ, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó rántí ohun tí Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. Ó rántí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀kan," ni Tíṣà kà. Ojú ìrán tó wà ní ìbàdí já. "Méjì. Mẹ́ta. Yéè! Mẹ́rin, márùn-ún..."

"Má kà á mọ́, mú píìnì wá!"

Òwú náà sáré gba ẹ̀yìn Alága lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kókó tó wà lọ́rùn nìkan ló kù. Ìrù búlúù yọ, ó rọra tú ara rẹ̀ palẹ̀, ó sì bọ́ sórí pèpéle ní ẹ̀yìn Alága, ìdajì ẹsẹ̀ bàtà sí aṣọ-ìkélé.

Ọwọ́ kan yọ lábẹ́ aṣọ-ìkélé. Ọwọ́ dúdú tó ní ìbọ̀ka irin aránṣọ ní ìka àárín. Ó tọ ilẹ̀ wò lọ́tùn-ún, ó tọ ọ́ wò lósì, ó kan aṣọ, ó dì í mú, ó sì wọlé lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Mínísítà rí i. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

Alága kò mọ̀. Ó dìde láti ibi tí orúnkún rẹ̀ kò ti kan ilẹ̀ tán, inú rẹ̀ dùn pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ sí i láti ẹ̀yìn.

"Mo tún dúpẹ́," ni ó wí, "lọ́wọ́ àwọn tó fi ẹ̀rọ amúlétutù tuntun sí gbọ̀ngàn yìí. Mo ń gbádùn rẹ̀!"

"Rẹ̀!" ni Akọ̀wé wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbọ̀n, nítorí láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle níbi tó dúró sí, ó ti ń rí síńgílẹ́ẹ̀tì.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ó na apá méjèèjì. Ọmọ náà di ìbàdí aṣọ mú, Tíṣà ń na píìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ń gún un wọlé: lábẹ́ ìṣẹ́po, kí ojú má rí i. Mọ́kàndínlógún. Ogún. Píìnì kan bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. "Fi í sílẹ̀, òmíràn!" Ọgbọ̀n. Lóde, Alága ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà rẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tó kọ́kọ́ rí i pé ó ní làákàyè. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ gígùn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àádọ́ta.

"Lọ, ọmọ mi," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Má sáré. Jẹ́ kí wọ́n fò."

Ìgbà yẹn gan-an ni Alága fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe kí ó tó wọlé. Ó kan síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wá àrán lókè, kò rí i. Ó wá a nísàlẹ̀. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bí ajá tó ń lé ìrù rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì wá rí ohun tí àwọn ará ẹ̀yìn ti rí.

"Ẹ gbà mí o!" ni ó ké. "Wọ́n ti jí ẹ̀yìn mi gbé!"

Aṣọ-ìkélé là. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde.

Kò sáré. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága, ìrù náà sì jáde tẹ̀ lé e, ó ń jáde, ó ń jáde, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹyẹ tí wọ́n gbéra nílẹ̀ tí wọ́n sì ń fò lọ sí ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀rín dá ní gbọ̀ngàn náà bí ìgbà tí ènìyàn pa iná. Ọmọdé kan ní, "Háà." Mínísítà dìde lórí àga.

Bí Alága bá ti pa ẹnu mọ́ níbẹ̀, bóyá ìtàn yìí ì bá parí sí ibi ẹ̀sín lásán. Ẹ̀sín kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó na ìka.

"Ẹ̀yìn mi nìyẹn!"

"Ẹ̀yìn yín?" ni Mínísítà béèrè. "Lára aṣọ ọmọbìnrin?"

"Tèmi ni, mà! Mo gbà á lọ́sàn-án yìí pẹ̀lú àṣẹ!"

"Pẹ̀lú àṣẹ!" ni Akọ̀wé wí. Ẹ̀rù ti bà á dé ibi tó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi gbólóhùn odindi kan kún un, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀: "Ó ní bí wọn kò bá yọ ìrù náà fún òun, aṣọ yóò kúrò nínú ètò!"

Mínísítà ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mi ò rí ìlànà tó ní kí ẹ gba ìrù aṣọ ọmọ ọlọ́mọ," ni ó wí. "Kẹrìnlá ni mo rí. Orúnkún yín kò kan ilẹ̀, Alága. Mo wò ó dáadáa." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀. Ẹ ṣì ní àkókò láti kó ilẹ̀kùn yín."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí aṣọ-ìkélé. "Mo rí ọwọ́ kan níbẹ̀. Ọwọ́ ta ni?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Ọwọ́ ẹ̀yìn ni, mà," ni ó dáhùn láti inú. "Kì í ní orúkọ."

"Ta ló rán àwọn ẹyẹ yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn ní orúkọ," ni ó wí, ó sì ti ọmọ rẹ̀ jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá onífèrèsé méjì, píìnì mẹ́ta ṣì wà láàárín ètè rẹ̀, kò lè sọ pé ẹ ṣé. Ó kàn tẹríba díẹ̀, láti ọrùn.

Nígbà tí Alága wọlé, ẹ̀wù rẹ̀ ń fì lára rẹ̀ láti ọrùn bí aṣọ tí onígbàjámọ̀ ń so mọ́ oníbàárà, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sì ti yí bọ́ sí ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tíṣà ló tú u, ló lọ kó àlùmọ́gàjí wá. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi tirẹ̀ kọ́ ọrùn padà. Ó gbé e sí kókó náà, ó sì dúró.

"Lébẹ́ẹ̀lì kan wà lọ́rùn ẹ̀wù yìí, sà. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

Alága na ọrùn sí i. Ṣẹ́ẹ́.

Mínísítà ti fi gbólóhùn kan sílẹ̀ kí ó tó lọ: ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ oyè níbi àfihàn yẹn, kí ó kọ́kọ́ ṣe ọdún kan lẹ́yìn aṣọ-ìkélé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ gbà mí gbọ́ o, ẹ má gbà mí gbọ́ o, Alága àtijọ́ náà dé. Wọ́n fún un ní téèpù tó ń lẹ̀. Yíyá ni wọ́n máa ń yá bàtà àwọn módẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí yóò máa lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà wọ̀nyí kí pèpéle má bàa họ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó béèrè bóyá òun lè máa jẹ́ Alága Ìsàlẹ̀ Bàtà. Tíṣà ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Kò tíì rántí.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ lápá. Ọkùnrin náà wà lórí ìjókòó kékeré, ó na ọwọ́ sí bàtà kan tó wà nílẹ̀, kò dé e, ó ṣì ń na ẹ̀yìn gbọnrangandan bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró tì í.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, sà," ni ó wí. "Kò sí òwú lẹ́yìn yín mọ́."